Ayé ń ṣe mí bíi pé mo wà lójú àlá, ara mi ò sì jọ tèmi mọ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọUnderG

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọdún kẹta ni mo wà ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Under G ni mò ń gbé, àwọn òbí mi wà ní Ìkòyí-Ilé. Nǹkan kan ń ṣe mí láti ìgbà ìdánwò, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní pè mí ní wèrè.

Inú gbọ̀ngàn ìdánwò ló ti bẹ̀rẹ̀. Àyà mi ń lù kìkìkì, òógùn bò mí, ètè mi àti orí ìka mi ń gún mi wínníwínní. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ariwo fáànù tó wà lókè orí mi ti jìnnà lọ. Mo wo ọwọ́ mi tó di bírò mú. Ó ń kọ ohun tó yẹ kó kọ, ṣùgbọ́n kò jọ ọwọ́ mi. Ó wá ń ṣe mí bíi pé mo dúró sẹ́yìn ara mi, mò ń wo ẹnì kan tó ń ṣe ìdánwò.

Ó lọ nígbà tí mo délé, ó tún padà wá. Ní báyìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọjọ́ tí kì í dé. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀, màá máa gbọ́ ohùn ara mi bí ohùn ẹlòmíì. Tí mo bá dé Takie, àwọn èèyàn ń lọ, ọkọ̀ ń fọn fèrè, gbogbo rẹ̀ á kàn tẹ́ pẹrẹsẹ lójú mi bíi fọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi á dá àpárá, màá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò ní dénú.

Mo mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo wọn wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé èmi ni èmi. Kò kàn ṣe mí bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn ló sì ń dẹ́rù bà mí jù. Lóru, màá dìde lọ síwájú dígí, màá máa pe orúkọ ara mi bóyá á wọlé. Kì í wọlé. Ibẹ̀ ni màá ti bọ́ sórí Google títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Mi ò mugbó, mi ò mutí. Kọfí àti obì ni mo fi ń kàwé mọ́jú. Ṣé orí mi ti fẹ́ dàrú ni? Ẹni tó bá ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Àbẹ̀kẹ́Adéníkẹ̀ẹ́

Àbúrò, ó ti ṣe mí rí. Kì í ṣe wèrè.

Ọdún tí mò ń sin ilẹ̀ baba wa ló bá mi, lẹ́yìn tí ọkọ̀ wa takìtì lọ́nà Ọ̀yọ́. Mi ò fara pa rárá, gbogbo èèyàn ń bá mi dúpẹ́, àmọ́ ó pẹ́ gan-an tí mo fi ń rìn nígboro tí gbogbo nǹkan ń jìnnà sí mi, títí kan oúnjẹ tí mò ń jẹ lẹ́nu. Ó ti lọ. Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí o lè rí oorun sùn lálẹ́ òní. Àwọn tó mọ̀ nípa ìṣègùn ń bọ̀ wá ṣàlàyé.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì ti bá àwọn tí irú èyí ń ṣe pàdé dáadáa, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lásìkò ìdánwò.

Àwọn dókítà lórúkọ fún un. Tó bá jẹ́ pé ara ẹni ló ṣàjèjì síni, depersonalization ni. Tó bá jẹ́ pé ayé tó yíni ká ni kò jọ òótọ́ mọ́, derealization ni. Àwọn méjèèjì ló sábà máa ń jọ rìn, bí o ṣe ròyìn rẹ̀ yẹn. Nǹkan bí ìdajì àwọn àgbàlagbà ló ti ṣe rí ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láyé wọn, bóyá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, nígbà tó rẹ̀ wọ́n, tí wọn ò sùn, tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n, tàbí tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ jàǹbá. Èyí tó ń dúró pẹ́, tó sì ń díni lọ́wọ́ iṣẹ́, kò tó bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí èèyàn 2 nínú 100 ni. Ìgbà ọ̀dọ́ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn. Ó ṣọ̀wọ́n kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lára ẹni tó ti lé ní 40 ọdún. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, dókítà á fẹ́ mọ̀ bóyá wárápá tàbí nǹkan míì ló wà nídìí rẹ̀.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí wèrè wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ gan-an: o mọ̀ pé ìwọ ni ìwọ. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ti gba ohun tó ń rí gbọ́ pátápátá. Á ní wọ́n ti pààrọ̀ ìyá òun, á ní tẹlifíṣọ̀n ń bá òun wí, kò sì ní bi ẹnikẹ́ni bóyá orí òun ń dàrú. Ìwọ ń béèrè.

Ìpayà ló ń fà á. Tí ẹ̀rù bá ti ju ohun tí ara lè gbé lọ, ọpọlọ á dín bí nǹkan ṣe ń wọni lára kù, kí èèyàn lè la ìṣòro náà kọjá. Ẹ wo stabilizer tí a fi ń ṣọ́ fíríìjì: tí iná bá ti pọ̀ jù, á gé e fúnra rẹ̀. Fíríìjì ò bàjẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ìwọ rí i pé ó gé, o sì gbà pé nǹkan ti jó nínú ilé, ni ẹ̀rù bá tún pọ̀ sí i, ni kò bá lè gbé iná padà.

Èémí tún wà níbẹ̀. Ẹni tí ìpayà bá mú a máa mí lemọ́lemọ́ láìfura. Mímí bẹ́ẹ̀ ń lé carbon dioxide kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí ọpọlọ á wá fún díẹ̀. Òòyì á kọ́ni, ètè àti ìka á máa gúnni, ohùn á jìnnà, ojú á máa ṣe bákan. Gbogbo ohun tó ṣe ọ́ ní gbọ̀ngàn yẹn nìyẹn. Ó ń dẹ́rù bani, kì í pani.

Nítorí náà, tó bá dé, jẹ́ kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Fà á sínú láti imú, kí o ka ení dé ẹ̀rin lọ́kàn. Tú u jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí o ka ení dé ẹ̀fà. Má fà á sínú tipátipá. Èèyàn ò nílò afẹ́fẹ́ sí i lásìkò yẹn, ó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀ ni. Àwọn kan á ní kí o máa mí sínú àpò bébà. Má dán an wò, ó léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, ẹlòmíì ò sì mọ̀ pé òun ní in.

Ẹ̀wẹ̀, kọfí àti obì tí o dárúkọ yẹn. Kaféènì ló wà nínú àwọn méjèèjì. Ó ń mú kí àyà máa lù, ó ń lé oorun, àìsùn sì ni oúnjẹ tí nǹkan yìí fẹ́ràn jù. Má já a lẹ́ẹ̀kan náà o, orí á fọ́ ọ. Máa dín in kù, má sì fẹnu kàn án mọ́ tó bá ti di ọ̀sán.

BàbáArówómọlẹ̀

Ọmọ mi, mo ka gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká sọ gbogbo nǹkan di ti òyìnbó. Nílé wa níbí, bí ọmọ bá ní ara òun kì í ṣe ti òun mọ́, a máa ń wádìí rẹ̀ dénú. Ayé le. Ẹ jẹ́ kí àgbà kan yẹ ọmọ yìí wò, kí á má lọ máa fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ìránṣẹ́Kékeré

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mi ò ní bá yín jiyàn pé ayé ò le. Ẹ̀kọ́ ìsìn ni mò ń kọ́ nílùú yìí, wọ́n sì máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ tí irú èyí ń ṣe wá sílé àdúrà. Ohun tí mo rí ló ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń ní kí wọ́n ṣe ni ààwẹ̀ gbígbẹ, ìṣọ́ òru á tẹ̀ lé e. Ẹni tí oorun ò kùn tẹ́lẹ̀ kò wá ní sùn mọ́ rárá. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á wálẹ̀, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ayé á tún jìnnà sí i sí i, àwọn tó yí i ká á wá ní ẹ̀mí náà ń jà, kí wọ́n fi ọjọ́ kún un. Ebi ló ń jà níbẹ̀. Mo gbà pé kí a gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Àmọ́ kí onítọ̀hún jẹun, kó sì lọ sùn. Olùṣọ́-àgùntàn tàbí àáfà tó bá mọ ohun tó ń ṣe ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Ibi tí wọ́n bá ti mú ṣẹ́ẹ̀nì tàbí ẹgba jáde, ẹ gba ẹnu ọ̀nà.

BàbáArówómọlẹ̀

Mo gbọ́. Èmi ò sọ pé kí wọ́n na ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀Ọkàn

Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ ìpayà ìwé kíkà bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ tó wá láti Kánádà tó sì bá wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa àìsàn kan tó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Brain fag ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ń pè é. Orí á máa gbóná, nǹkan á máa rìn lórí wọn, ojú á máa ṣú, ohun tí wọ́n ń kà ò ní wọlé mọ́. Àwọn onímọ̀ ti jiyàn rẹ̀ gan-an, bóyá àìsàn tó dá dúró ni tàbí ìpayà tó gba orí yọ. Ti àwọn tó pè é ní ìpayà ni mò ń ṣe. Ọmọ tí gbogbo ẹbí dáwó jọ rán níléèwé, tó sì mọ̀ pé bí òun bá kùnà gbogbo wọn ló kùnà, ara rẹ̀ ò lè má sọ̀rọ̀.

Ní ti bàbá wa, ẹ má ta ọ̀rọ̀ wọn nù pátápátá. Àrò yẹn náà ni dókítà ọpọlọ wa, Adéoyè Lámbò, ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní 1954: àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń sùn láàárín èèyàn lálẹ́. Lámbò gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè láti bá a ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò gbọ́dọ̀ dá wà. Ìwọ tí o ń dá dìde lóru lọ wo dígí, ṣé o ti sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá?

AlábòójútóÀjílété

Ẹni tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀ pé òun ní àgbo tó máa lé e lọ "ìgò méjì péré", a ti yọ ọ̀rọ̀ yín kúrò. Bákan náà ẹni tó ní kí ọmọ yìí wá gba "oògùn oorun" lọ́wọ́ òun ní Sábó. A kì í tajà níbí. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

KàyéfìBoy

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí gbogbo yín ń yẹra fún. Ẹni tó béèrè ní òun ò mugbó, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn kan ń ka ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ aṣọ ìbora tí wọ́n ń mu ún. Igbó wà lára ohun tó máa ń fa nǹkan yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fà á ní òde àríyá kan, ẹ̀rù ńlá sì bà á lórí rẹ̀. Igbó dá lójú ẹ̀, ayé ò padà sípò. Ó tó oṣù díẹ̀ kó tó rọlẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Colorado tún burú jùyẹn lọ, torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n fín sí i lára.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ẹ pé kí o fi tramadol tàbí kodéènì "mú ọkàn balẹ̀". Ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodéènì àti kíkó o wọlé láti 2018, àwọn kan ṣì ń tà á lábẹ́lẹ̀. Ó ń dá ìyà kún ìyà ni.

ÌyáGàríJagun

Ẹ bá mi kí ọmọ náà. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi tẹ èyí, mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Nígbà tí bàbá wọn kú, mo sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú, lẹ́yìn náà ẹkún ò wá mọ́. Ohun tó wá ni èyí tí ọmọ yìí ń sọ. Mo jókòó nídìí igbá mi ní Ọjà Jagun, àwọn oníbàárà ń bá mi sọ̀rọ̀, mò ń rí ẹnu wọn, ọ̀rọ̀ ò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo wo àwọn ọmọ mi, mo mọ̀ pé mo fẹ́ràn wọn, ìfẹ́ náà ò kàn mí lára. Mi ò lè sọ ìyẹn fún ẹnì kankan. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá?

Àwọn ẹbí ní kí n lọ fìdí mọ́lé kí n sinmi. Ilé yẹn ló tún dá kún un. Nílé, kí ni mò ń ṣe ju pé mò ń ṣọ́ ara mi? Ṣé ó ti lọ? Ṣé ó kù? Mo bá kó igbá mi padà sọ́jà.

Ohun tí mò ń ṣe rèé. Tó bá ti dé, màá ki ọwọ́ bọ inú gàrí títí dé ọrùn ọwọ́. Gàrí máa ń tutù nísàlẹ̀ ju òkè lọ, ẹ̀yin tí ẹ kì í tà á ò lè mọ̀. Màá fi ìka wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Tí oníbàárà bá dé, màá bu kọ́ńgò, màá jẹ́ kó ga ṣóńṣó, màá kà á sókè kí òun náà gbọ́, màá fi ènì lé e. Màá béèrè ọmọ rẹ̀, màá sì dúró gbọ́ èsì, kì í ṣe pé kí n kàn béèrè. Kò lọ lójú ẹsẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo tajà tán tó ṣì wà níbẹ̀. Mi ò bá a jà, mi ò sì jókòó tì í. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ọjọ́ kan àbígbẹ̀yìn mi ṣubú lójúde, mo sá lọ gbé e, ọkàn mi já gan-an. Ìgbà tí mo gbé e tán ni mo mọ̀ pé ó já. Mo sunkún níbẹ̀, àwọn èèyàn rò pé nítorí ọgbẹ́ ọmọ ni.

ỌmọUnderG

Ẹ ṣé o, mọ̀mí. Ẹ ṣé gbogbo yín. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ti gbọ́ báyìí, mo fi ọ̀rọ̀ yìí hàn án.

Mo gbìyànjú èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì: kí n ka ohun márùn-ún tí mo rí, mẹ́rin tí mo lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tí mò ń gbọ́, méjì tí mò ń gbóòórùn rẹ̀, ọ̀kan tí mo tọ́ wò. Takie ni mo ti ṣe é. Mo rí ọlọ́kadà, mo rí ẹni tó ń ta ẹ̀pà, gbogbo rẹ̀ ni mo kà pé. Nígbà tí mo kà á tán, mo wò ó bóyá ayé ti padà, kò padà. Ẹ̀rù tún wá bà mí ju tàtẹ̀yìnwá lọ.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Wíwò tí o wò ó bóyá ó ti padà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Gbogbo ìgbà tí o bá yẹ ara rẹ wò, ò ń sọ fún ara pé ewu ṣì wà nítòsí, ara á sì tún ṣọ́nà. Kíkà yẹn kì í ṣe láti fi fa ayé padà. Ó wà kí ojú rẹ lè kúrò lára ara rẹ fúngbà díẹ̀. Kà á, kí o ra ẹ̀pà rẹ, kí o wọkọ̀ rẹ. Bó padà, bí kò padà, ibi tí ò ń lọ ni kí o lọ.

Ìyá Gàrí ti sọ ọ́ tán, èmi kàn ń tún un sọ ni.

Dígí òru yẹn, jáwọ́ níbẹ̀. Ẹni tí nǹkan kan ò ṣe gan-an, tó bá tẹjú mọ́ ojú ara rẹ̀ nínú dígí pẹ́ níbi tí iná ò ti mọ́lẹ̀ dáadáa, ojú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàjèjì sí i. Bí ojú èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ya irun rẹ lówùúrọ̀, kí o kúrò níbẹ̀. Google òru náà bẹ́ẹ̀: ìtàn àwọn tí kò tíì bọ́ nínú rẹ̀ ló kún ibẹ̀, torí àwọn tó ti bọ́ ò jókòó síbẹ̀ mọ́.

Tó bá já lù ọ́ lójijì, fi omi tútù bọ́jú, tàbí kí o di píọ́ wọ́tà tó tutù mú lọ́wọ́. Tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gidi, kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa bó ṣe ń ṣe ọ́.

OníkékéStadium

Èmi ń wa kéké. Ó máa ń ṣe mí tí oòrùn bá mú, tí mi ò sì tíì jẹun. Mo máa ń ya sẹ́bàá ọ̀nà ni, màá pa á, màá mu omi, màá wá nǹkan jẹ. Ẹni tó bá ń wa ohunkóhun, kéké, ọ̀kadà, ọkọ̀ ẹrù, tí ojú ọ̀nà bá ń ṣe ẹ́ bíi fíìmù, má wà á lọ. Tírélà tó ń bọ̀ láti Ìlọrin ò sí nínú fíìmù o.

ÀjílétéCalgary

Mo kí yín láti ìlú òtútù. Èyí tó ṣe èmi dúró pẹ́, mo sì gba ìtọ́jú níbí. CBT ni wọ́n fi tọ́jú mi, ọ̀rọ̀ sísọ ni, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá. Ẹni tó ń tọ́jú mi ní kí n máa kọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn sílẹ̀ nígbà tó bá dé, irú bíi "mo fẹ́ ya wèrè", kí n wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lẹ́yìn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbẹ́ kejì yẹn kì í ní wèrè nínú. Ó tún ní kí n padà síbi gbogbo tí mo ti ń sá fún, ní díẹ̀díẹ̀: ilé ìtajà ńlá, ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ èrò.

Lórí oògùn: kò sí èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún nǹkan yìí ní pàtó. Ohun tí dókítà máa ń tọ́jú ni ìpayà tàbí ìrẹ̀wẹ̀sì tó wà nídìí rẹ̀. Àwọn oògùn bíi sertraline máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jọ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tí wọ́n bá kọ ọ́ fún kó má sọ ọ́ nù lọ́jọ́ kẹta. Èyí tí mo máa kìlọ̀ fún yín ni diazepam tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà. Ó ń bá ìpayà wí lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ó sì tètè ń di bárakú.

Àbẹ̀kẹ́Adéníkẹ̀ẹ́

Àbúrò, sọ fún màmá ẹ. Àmọ́ mọ bí o ṣe máa sọ ọ́. Tí o bá pè wọ́n pé "mi ò mọ ara mi mọ́", wọ́n á wọkọ̀ kúrò ní Ìkòyí-Ilé lálẹ́ yẹn ni, tàwọn ti wòlíì. Sọ pé: "Mọ̀mí, ìpayà ìdánwò mú mi, mi ò sùn dáadáa, ojú mi wá ń ṣe mí bákan, mo sì fẹ́ lọ rí dókítà." Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, kò sì ní já wọn láyà. Tí wọ́n bá ní àwọn á gbàdúrà, ṣe àmín.

ỌmọUnderG

Ẹ̀rín pa mí lórí wòlíì yẹn, ó sì dé inú díẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, tí mo bá lọ sọ́sibítù tí mo sọ gbogbo èyí, ṣé wọn ò ní dá mi dúró síbẹ̀ tipátipá? Ibo gan-an ni kí n lọ?

Ọ̀rọ̀Ọkàn

Rárá o. Òfin àtijọ́ ti 1958 ló ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni ààrẹ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Òfin yìí fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un, kó sì gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́, àfi tó bá di pàjáwìrì tí ẹ̀mí wà nínú ewu. Ọ̀rọ̀ tìrẹ ò sún mọ́ ìyẹn rárá. Wàá lọ, wàá sọ̀rọ̀, wàá padà sílé.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìtọ́jú yunifásítì yín, ó súnmọ́ ọ jù, wọ́n sì lè kọ̀wé fún ọ lọ síwájú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, LAUTECH Teaching Hospital wà níbí. Bowen náà wà níbí, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist. Ó ti ń tọ́jú èèyàn nílùú yìí láti 1907. Ní kí wọ́n jẹ́ kí o rí dókítà gbogboogbò lákọ̀ọ́kọ́, òun ló máa sọ bóyá kí o rí dókítà ọpọlọ. Tó bá gba pé kí o dé Ìbàdàn, UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà níbẹ̀, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ.

Kọ nǹkan wọ̀nyí sínú bébà kan, torí èèyàn máa ń gbàgbé tó bá jókòó síwájú dókítà: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń pẹ́ tó, wákàtí tí o ń sùn, iye kọfí àti obì, oògùn yòówù tí ò ń lò, àti bóyá ó bá orí fífọ́ tàbí òórùn tí kò sí níbẹ̀ rìn. Wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ láti wo ṣúgà àti thyroid, ẹṣẹ́ kan tó wà lọ́rùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ló ti wá. Má dín in kù fún wọn nítorí ìtìjú. Sọ ti ọwọ́ tó ń kọ̀wé yẹn bó ṣe rí gan-an. Wọ́n ti gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Èyí wà fún gbogbo ẹni tó ń kà á: tí gìrì bá mú ẹnì kan, tó dákú, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tàbí tí èrò àtipa ara rẹ̀ wá sí i lọ́kàn, kó má dúró de ọjọ́ kílíníìkì. Kí ẹnì kan mú un lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà.

ỌmọUnderG

Mo ti kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á tẹ̀ lé mi lọ lọ́jọ́ Ajé.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́

Ó dáa. Ẹ tètè dé, kí ìlà tó gùn. Jẹun kí o tó kúrò nílé o, má fi kọfí rọ́pò rẹ̀.